Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí A San: Ìtàn Bí Ó Ti Di Ẹ̀tọ́ Láti Béèrè Rẹ̀ Padà



Kò sí ará Ìpakodò kan tí kò mọ bí a ti ń san owó ọkọ̀ ní etí ọ̀sà. Èrò a san owó rẹ̀ kí ó tó wọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá le, tàbí bí ẹ̀rọ ọkọ̀ bá kọ̀ tí a kò lè lọ sí Èkó mọ́, èrò a na ọwọ́, ọlọ́kọ̀ a sì dá owó rẹ̀ padà fún un. Bí ọlọ́kọ̀ bá kọ̀, ariwo a ta ní èbúté, kò sì sí àgbà kan tí yóò dá èrò lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹni yìí kan náà bá san owó sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí kò sì rí ohun tí ó sanwó fún gbà, ojú a máa ti òun àti baba rẹ̀ láti béèrè. Wọn a ní, "Ta ni yóò bá ilé-ẹ̀kọ́ du owó?" Ohun tí a fẹ́ wádìí nínú ẹ̀kọ́ yìí ni ibi tí ìtìjú náà ti wá, àti bí òfin ilẹ̀ wa ti ń mú un kúrò díẹ̀díẹ̀. Ìdájọ́ tiwa ni pé owó ilé-ẹ̀kọ́ kò fi ìgbà kan jẹ́ ọrẹ. Àdéhùn ni láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti gbàgbé bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Kí ìwé kíkà tó dé sí àárín wa ni àwọn baba wa ti mọ bí a ti í fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́. Baba a mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn méjèèjì a sì fi ẹnu kò níwájú ẹlẹ́rìí lórí iye ọdún tí ọmọ yóò lò àti ohun tí baba yóò mú wá. Bí ọ̀gá bá ń rán ọmọ lọ sí oko nìkan, tí kò jẹ́ kí ó di òòlù mú, àwọn ẹbí a pè é jókòó, wọn a sì bi í léèrè ohun tí ó gbà àti ohun tí ó fi rọ́pò rẹ̀. Wọn kì í lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn tí a kọ sínú ìwé kò ṣàjèjì sí etí ọ̀sà wa: ní ọjọ́ 28 Oṣù Kẹsàn-án, 1854, ní Ẹ̀pẹ́, ni Kòsọ́kọ́ àti Campbell, aṣojú Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi ọwọ́ sí ìwé kan tí olúkúlùkù fi mọ ohun tí òun jọ̀wọ́ àti ohun tí òun yóò gbà.

Kí ni ó wá dé tí ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fi yàtọ̀? Àwọn Ìjọ ni ó kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ìjọ C.M.S. ṣí Grammar School ní Èkó ní 1859, lábẹ́ àlùfáà T. B. Macaulay, àwọn Wẹ́sílì sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tiwọn fún àwọn ọmọkùnrin ní 1878. Iṣẹ́ rere ni, àwa tí a jẹ nínú èso rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìjọ ni ó bí wa, nítorí náà a lè sọ òtítọ́ nípa rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ọwọ́ tí ó gba owó ìkórè àti owó ọrẹ ni ọwọ́ kan náà tí ó gba owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní ọjọ́ Ajé ni ó ń wàásù fún baba rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Báwo ni baba yóò ti ṣe ìyàtọ̀ láàárín owó tí ó fi fún Ọlọ́run àti owó tí ó fi ra ẹ̀kọ́ fún ọmọ rẹ̀? Àti pé, láti 1882 tí òfin ẹ̀kọ́ ti àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Ìjọ ní owó ìrànlọ́wọ́, Ìjọba àti Ìjọ ni ó ń jíhìn fún ara wọn. Òbí tí ó ń san tirẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣírò.

Òfin ẹ̀kọ́ ti 1926 ni ó kọ́kọ́ wo ọ̀ràn náà láti ìhà ẹni tí ó ń sanwó, bí kò tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní yàrá kan àti pátákó dúdú kan lè pe ara rẹ̀ ní olùkọ́. Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes la ilẹ̀ wa kọjá ní 1920 sí 1921, wọ́n sì rí ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìjọba pàṣẹ pé kí a kọ orúkọ gbogbo olùkọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ gba àyè, àti pé a lè ti ilé-ẹ̀kọ́ tí kò yẹ pa. Òfin náà dáàbò bo òbí, ṣùgbọ́n kò fún òbí ní ohùn. Alábòójútó ni ó ń sọ̀rọ̀ fún un. Bí a bá ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, kò sí ìlà kan tí ó sọ fún òbí bí yóò ti rí owó tí ó ti san gbà.

Ní ìgbà náà gan-an, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí wọn kò ro owó wọn sí ọrẹ rárá. Àwọn akọ̀wé àti àwọn olùkọ́ ni, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ nípa ìwé ìfowóránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí a ń pè ní Wolsey Hall ní Oxford, tí a dá sílẹ̀ ní 1894. Wọn a ka ẹ̀kọ́ wọn lábẹ́ àtùpà lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà kò mọ ojú wọn, àwọn náà kò mọ tirẹ̀. Owó lọ, ìwé bọ̀. A lérò pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ oníbàárà ẹ̀kọ́ ní tòótọ́ láàárín wa.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀fẹ́ dé. Ní Oṣù Kìíní 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ní 1979, nígbà tí Jákàńdè di Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, ó mú ọ̀fẹ́ náà dé ẹnu-ọ̀nà wa, ìjọba rẹ̀ ni ó sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1983. Àǹfààní ńlá ni, àìlóǹkà ọmọ apẹja ni ó sì fi di ènìyàn. Síbẹ̀, ẹni tí a fún ní ọ̀fẹ́ kì í béèrè ìwọ̀n. Nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ padà wá, tí ó sì wá pẹ̀lú agbára, ìwà ẹni tí a ṣe lóore ni a fi pàdé rẹ̀.

Bí ó ti padà wá nìyí. Ní 2011, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń san 25,000 náírà níbẹ̀, fi owó kún ti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Èyí tí ó kéré jùlọ di 193,750 náírà. Ti àwọn oníṣègùn di 348,750. Ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ, ó di 298,750, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjìlá. Ìwọ́de tẹ̀lé ìwọ́de, a sì ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní 2014, kí Gómìnà Fáṣọlá tó dá owó náà padà sí 25,000 ní Oṣù Kẹjọ ọdún náà. Gbogbo ènìyàn yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ti ọmọ tí ó ti san owó ńlá náà fún ọdún mẹ́ta ní Ẹ̀pẹ́. Njẹ́ ó ní ẹ̀tọ́ sí ìyàtọ̀ rẹ̀? Bí a bá fi òtítọ́ dáhùn, àdéhùn nìkan kò fún un. Ẹni tí ó ra ẹja ní owó òwúrọ̀ kò lè padà wá bá ẹlẹ́ja jà nígbà tí ẹja bá pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó gba ohun tí ó rà, ní iye tí ó gbà láti rà á. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ìṣèlú ni, kì í ṣe ti oníbàárà; ó sì yẹ kí a mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, kí a má bàa fi èyí tí a kò lè rí gbà sọ èyí tí a lè rí gbà nù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Akọka ní 2023 yàtọ̀. Ní Oṣù Keje ni Yunifásítì Èkó fi owó kún owó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Oṣù Kẹsàn-án. A jókòó, a sì dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀. Níbẹ̀, nínú sáà ẹ̀kọ́ kan náà, ni àwọn aláṣẹ ti kéde pé àwọn tí wọ́n ti tètè san yóò rí èyí tí ó lé gbà padà. Kò yẹ kí ẹni tí ó yára san gbèsè pàdánù ju ẹni tí ó fà sẹ́yìn lọ. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fiyèsí ni pé ní àárín 2014 sí 2023, òfin kan ti bọ́ sí àárín.

Ìjọba àwọn ológun ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ààbò àwọn oníbàárà láti 1992, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà tí ó bàjẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti 2018, tí Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ni ó gba ipò rẹ̀. Òfin náà kò sọ̀rọ̀ nípa ọjà tí a ń fi ọwọ́ gbé nìkan, ó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí a ń gbowó ṣe fún ènìyàn pẹ̀lú. Abala 130 wí pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ kí a ṣe iṣẹ́ náà fún un ní àkókò rẹ̀ àti bí ó ti yẹ. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè ní kí a tún un ṣe, tàbí kí a dá ìwọ̀n owó tí ó tọ́ padà, gẹ́gẹ́ bí àìṣe náà bá ti pọ̀ tó. Abala 120 sì fún ẹni tí ó ti san àsansílẹ̀ ní àyè láti pa ohun tí ó béèrè rẹ́, kí ẹni tí ó gba owó yọ ohun tí ó bójú mu nínú rẹ̀, kí ó sì dá ìyókù padà. Ohun tí ó bójú mu náà ní òṣùwọ̀n: bí ó bá ti tètè sọ tó, àti bóyá a lè rí ẹlòmíràn fi sí ipò náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó san owó ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, tí ó sì kọ̀wé ní oṣù kan ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ pé òun kò wá mọ́, kò yẹ kí a fi ìlà kékeré ní ẹsẹ̀ ìwé dá a lóhùn pé owó tí a san kò ní padà.

Ẹ má ṣe rò pé òfin yìí yóò gba owó padà fún ẹni tí kò yege nínú ìdánwò. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ wa fi yé wa nínú ẹjọ́ Magit àti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Makurdi, ní 2005, pé adájọ́ kò ní bá olùkọ́ yẹ ìwé wò. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti Gẹ̀ẹ́sì ti sọ irú rẹ̀ ní 2000, nínú ẹjọ́ ọmọbìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Clark: wọ́n ní àdéhùn wà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti yunifásítì, a sì lè pe ẹjọ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n máàkì wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́. Èyí kò burú. Ohun tí a sanwó fún ni ẹ̀kọ́, a kò sanwó fún oyè.

Ìdènà kan tún wà tí ó ti ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù. Òfin àtijọ́ kan ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ Ìjọba, pé ẹni tí ó bá fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọn agbẹjọ́rò ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọba a máa gbé e jáde bí apata. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó sún mọ́ ilé. Gbogbo yín ni ẹ mọ Àjọ Èbúté Ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó ní èbúté àwọn ọkọ̀ akẹ́rù níhìn-ín ní Ìpakodò. Àjọ yìí ni ilé iṣẹ́ àwọn ará Ítálì kan bá ṣe ẹjọ́ dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 1974. Àjọ náà fi irú apata bẹ́ẹ̀ bojú, àwọn adájọ́ sì dáhùn pé irú ààbò bẹ́ẹ̀ kò bo ọ̀ràn àdéhùn. Ṣé ẹ rí i nísinsìnyí ìdí tí a fi tẹnu mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àdéhùn ni owó ilé-ẹ̀kọ́? Bí ó bá jẹ́ ojúrere, oṣù mẹ́ta lè sé ilẹ̀kùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá jẹ́ àdéhùn, ó ní ohun tí yóò fi dáhùn.

Ọ̀ràn tí ó gbóná jùlọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ti owó tí Ìjọba ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ààrẹ Tinúbú fi ọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní 2023, ó sì fi ọwọ́ sí èyí tí a tún ṣe ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹrin, 2024. A ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọba Àpapọ̀ ní ọjọ́ 24 Oṣù Karùn-ún, a sì ṣí i fún ti àwọn Ìpínlẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Bí a ti ṣètò rẹ̀, owó ẹ̀kọ́ kì í gba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọjá. Tààrà ni ó ń lọ sí àpò ilé-ẹ̀kọ́. Ó dára ní ojú. Ṣùgbọ́n owó náà a máa pẹ́, ìdánwò kì í sì dúró. Nítorí náà ni ìyá fi ń tọrọ níhìn-ín, tí ó ń yá lọ́hùn-ún, tí ó sì ń san owó ọmọ rẹ̀ kí a má bàa lé e jáde ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni owó Ìjọba dé. Ilé-ẹ̀kọ́ ti wá gba owó méjì lórí orí kan. Ní 2025, ẹkún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí èyí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ tí ń yáni lówó, tí a ń pè ní NELFUND, fi pàṣẹ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n dá owó àwọn tí wọ́n ti san tẹ́lẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibí ni ìyà ti pọ̀ jù. Kò sí ọ̀rọ̀ máàkì níbí, kò sí ti pé akẹ́kọ̀ọ́ yí ọkàn padà. Gbèsè kan ni a san lẹ́ẹ̀mejì. Owó ẹ̀yáwó náà sì wà ní ọrùn akẹ́kọ̀ọ́: ọdún méjì lẹ́yìn tí ó bá parí ìsìn ilẹ̀ baba rẹ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá jókòó lé owó àkọ́kọ́, ọmọ náà yóò san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀mejì láti inú òógùn ara rẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò sì máa san èlé ẹni tí ó yá a. Àwọn kan ń sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ kí ó dúró fún ọdún tí ń bọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni owó? Ẹni tí ó ni owó ni yóò sọ ibi tí yóò wà, àti pé èwo ni ọdún tí ń bọ̀ fún ẹni tí ó wà ní ọdún ìkẹyìn?

Ẹ̀tọ́ a máa dín kù bí a bá ti ń kọjá ẹnubodè. Ní ìparí 2023, oníròyìn kan láti ilé iṣẹ́ Daily Nigerian fi hàn pé òun gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọjọ́ 2 Oṣù Kìíní, 2024, Ìjọba wa dá ìtẹ́wọ́gbà ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi òtítọ́ lọ kàwé níbẹ̀ jìyà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n lọ ra ìwé. Ẹni tí a tàn jẹ ní ẹjọ́ láti rò, ṣùgbọ́n ọwọ́ àjọ wa kò dé ilẹ̀ àlejò. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ra oyè ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò ní ẹjọ́ kankan, nítorí pé òun àti ẹni tí ó tà á ni wọ́n jọ jalè.

Níti Gẹ̀ẹ́sì, àjọ tí ń ṣọ́ ìdíje ọjà níbẹ̀ sọ ní 2015 fún gbogbo yunifásítì pé oníbàárà ni akẹ́kọ̀ọ́ lójú òfin, ẹni tí ó bá sì gba àyè láti òkèèrè lè ní ọjọ́ 14 láti kọ̀ ọ́. Síbẹ̀, nígbà tí náírà wó lulẹ̀ lẹ́yìn Oṣù Kẹfà 2023, tí owó tí àwọn òbí ti kó jọ kò tó mọ́, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ní Yunifásítì Teesside ni a yọ orúkọ wọn kúrò ní 2024, tí a sì ní kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà wí pé òfin ìwọ̀lú ni kò fún òun láyè. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán ọmọ lọ, ẹ ka ojú ewé tí ó sọ nípa ìdápadà owó kí ẹ tó fi àsansílẹ̀ ránṣẹ́, pàápàá ohun tí ó sọ bí a kò bá fún ọmọ ní ìwé ìrìnnà.

Ó ku bí a ti í béèrè. Láti Oṣù Kẹrin 2018 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní ilé-ẹjọ́ fún àwọn gbèsè kéékèèké, níwájú adájọ́ Májísíréètì, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ènìyàn lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀ láìgba agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ náà kò ní gbọ́ ẹni tí kò bá ti kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, nítorí náà kí ìwé náà jẹ́ ti ọmọlúwàbí: kí a kí ọ̀gá àgbà bí ó ti yẹ, kí a sọ ọjọ́ tí a sanwó, iye rẹ̀, ilé ìfowópamọ́ tí a gbà san án, ohun tí a san án fún àti ohun tí a kò rí gbà, kí a sì dá ọjọ́ tí a ń retí èsì. Bí ó bá jẹ́ owó ẹ̀yáwó ni, kí a fi ẹ̀rí ọjọ́ tí NELFUND san tirẹ̀ sí abẹ́ rìsíìtì tiwa. Ẹ̀dà kan yóò wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí a ti fi òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á lù.